Ta Ló Kọ́kọ́ Yí Ayé Po? Ọ̀rọ̀ Magellan, Kànáfùrù àti Ọjọ́ Kan Tó Sọnù

Ẹ mú kànáfùrù kan ṣoṣo nínú èyí tí ẹ fẹ́ dà sí zóbò, kí ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rí bí ìṣó kékeré: orí rẹ̀ roboto, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Abájọ tó fi jẹ́ pé orúkọ kan náà, clavo, ni àwọn ará Sípéènì ń pe òun àti ìṣó. Òdòdó tí kò tíì là ni. Wọ́n á já a lórí igi, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ tí á sì dúdú. Lónìí, ẹlẹ́wé ọmọ á bù ú fún yín lówó tí kò tó nǹkan. Ní 500 ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ayé, erékùṣù kéékèèké mélòó kan ní Màlúkù, níbi tí à ń pè ní Indonésíà báyìí, nìkan ni igi rẹ̀ ti ń hù. Kó tó dé Yúróòpù, ó ti gba ọwọ́ àìmọye alájàpá kọjá, owó sì ti gorí owó. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ̀ márùn-ún ṣe gbéra ní Sípéènì lọ́dún 1519. Ọ̀kan ṣoṣo ló yí ayé po délé.

Orúkọ tí a máa ń gbọ́ mọ́ ìrìn àjò náà ni Ferdinand Magellan. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò ni: ta lẹni àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ ojú omi yí ayé po? Bí o bá ti kọ Magellan, máàkì rẹ pé. Ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà. Magellan kò yí ayé po nínú ìrìn àjò yẹn, kò sì jọ pé ó gbèrò láti yí i po. Kànáfùrù ló ń wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọmọ Pọtogí ni ọkùnrin yìí, wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1480, Fernão de Magalhães lorúkọ rẹ̀ nílé. Nígbà tó sá lọ ṣiṣẹ́ fún ọba Sípéènì, wọ́n ń pè é ní Fernando de Magallanes. Ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di Ferdinand Magellan. Bí ẹ bá rí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbì kan, ẹnì kan náà ni.

Kí ló wá gbé ọmọ Pọtogí dé ọ̀dọ̀ ọba Sípéènì? Ìbínú àti owó. Láti ọdún 1505 ló ti bá ọkọ̀ ogun Pọtogí lọ sí Índíà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kọjá sí ìlà oòrùn. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ìlú Malacca, ní Màléṣíà òní, lọ́dún 1511. Níbẹ̀ ló ti ní ẹrú kan, ọmọdékùnrin tí wọ́n sọ ní Enrique. Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Francisco Serrão, tẹ̀ síwájú dé Màlúkù fúnra rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí i pé ibẹ̀ dára, ibẹ̀ lọ́rọ̀. Magellan padà sílé, ó lọ jagun ní Mòrókò, wọ́n gún un lẹ́sẹ̀, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ó ní kí Ọba Manuel fi díẹ̀ kún owó oṣù òun. Ọba kọ̀. Ó ní kí ọba fún òun lọ́kọ̀ kí òun lọ sí Màlúkù. Ọba tún kọ̀. Lọ́dún 1517, ó kó ẹrù rẹ̀ ó di Seville, ní Sípéènì.

Ohun tó lọ tà fún Charles, ọ̀dọ́mọdé ọba Sípéènì, la gbọ́dọ̀ yé dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1494, ní Tordesillas, ilé ọba Pọtogí àti ti Sípéènì pín òkun láàárín ara wọn bí ẹni ń pín oko bàbá wọn. Wọ́n fa ààlà kan láti àríwá dé gúúsù, ní 370 líìgì (ohun tí àwọn atukọ̀ fi ń wọn ọ̀nà jíjìn nígbà náà) sí ìwọ̀ oòrùn àwọn erékùṣù Cape Verde. Ohun tó bá wà lápá ìlà oòrùn, ti Pọtogí. Ohun tó bá wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ti Sípéènì. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Wàyí o, ayé rí roboto bí ọsàn. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sára ọsàn láti orí dé ìdí, ẹ ò tíì là á sí méjì. Ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà kí ẹ fa ìkejì sí ẹ̀yìn. Ìkejì yẹn gan-an ni ìjà wà lé lórí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó bọ́ sí. Nígbà yẹn, kò tíì sí ohun èlò tí atukọ̀ lè fi mọ bí òun ti lọ tó sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn lórí agbami. Magellan àti Rui Faleiro, onímọ̀ ìràwọ̀ tó bá a ṣe ètò náà, wá sọ fún Charles pé: apá tìrẹ ni Màlúkù bọ́ sí. Bí a bá gba ìwọ̀ oòrùn lọ, a ó dé ibẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Pọtogí. Ọba tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù kẹta ọdún 1518. Ìwé àdéhùn náà kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wọ inú ààlà ọba Pọtogí. Ẹ ò rí i? Bó bá fẹ́ yí ayé po, àárín omi Pọtogí ló máa gbà wálé, èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un. Lórí ìwé, ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n bá gbà lọ náà ni wọ́n á gbà padà.

(Àwọn kan tún máa ń sọ pé ńṣe ló fẹ́ fi hàn pé ayé kì í ṣe pẹlẹbẹ. Rárá o. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì ti mọ̀ pé ayé rí roboto láti ayébáyé. Eratosthenes tiẹ̀ ti wọn bó ṣe tóbi tó ní ohun tó lé ní 200 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ni Magellan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kà sí tó bó ṣe yẹ, ojú wọn sì rí i.)

Wọ́n kúrò ní Sanlúcar de Barrameda ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1519, nǹkan bí 240 èèyàn nínú ọkọ̀ márùn-ún: Trinidad, San Antonio, Concepción, Victoria àti Santiago. Àwọn ọ̀gákọ̀ ọmọ Sípéènì ò fẹ́ràn kí ọmọ Pọtogí máa pàṣẹ fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ya Bràsíl tí wọ́n sì dé San Julián, nínú òtútù gúúsù Ajẹntínà, ọ̀tẹ̀ bẹ́. Magellan fọwọ́ líle tẹ̀ ẹ́ rẹ́: wọ́n gún ọ̀gákọ̀ kan pa, wọ́n bẹ́ orí ìkejì, wọ́n já ẹ̀kẹta àti àlùfáà kan jù sílẹ̀ ní etíkun lásánlàsàn. Ó dárí ji àwọn tó kù nítorí pé kò lè wakọ̀ láìsí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dárí jì ni atukọ̀ kan láti Getaria, ọmọ ilẹ̀ Basque, Juan Sebastián Elcano. Ẹ pa orúkọ tiẹ̀ náà mọ́ra.

Santiago rì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1520, wọ́n rí ọ̀nà omi tóóró kan tó já láti òkun kan sí ìkejì nísàlẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, tí à ń fi orúkọ Magellan pè títí dòní. Inú ibẹ̀ ni San Antonio, tó kó oúnjẹ tó pọ̀ jù, ti yọ́ kẹ́lẹ́ padà sílé. Ọkọ̀ mẹ́ta tó kù bọ́ sí gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá. Òkun náà pa rọ́rọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Pàsífíìkì, òkun àlàáfíà.

Àlàáfíà ò sí níbẹ̀ fún ikùn wọn. Magellan rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù kí wọ́n dé Màlúkù. Antonio Pigafetta, ọ̀dọ́kùnrin ará Itálíà tó bá wọn lọ kó lè fojú rí ayé, ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta àti 20 ọjọ́ ni àwọn fi wà láìrí oúnjẹ tuntun. Bísíkíìtì wọn ti di lẹ́búlẹ́bú, kòkòrò ti jẹ ibi tó dáa níbẹ̀, ìtọ̀ eku ló ń rùn. Omi mímu wọn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ti ń bàjẹ́. Wọ́n tú awọ màlúù tí wọ́n fi bo igi ìgbòkun, èyí tí oòrùn àti òjò ti sọ di líle gbagidi. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi òkun fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n gbé e ka ẹ̀yinná, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ má pè é ní pọ̀nmọ́ o, pọ̀nmọ́ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ dúkáàtì, owó wúrà ayé ìgbà náà, ni wọ́n ń ta eku kan, wọn ò sì rí i rà tó. Èrìgì wọn wú bo eyín, títí ẹlòmíì ò fi lè jẹun mọ́: àìsí fítámìnì C nínú oúnjẹ ló ń fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn. Mọ́kàndínlógún kú.

Nígbà tí wọ́n dé Guam ní oṣù kẹta ọdún 1521, àwọn ará ibẹ̀ gun orí ọkọ̀ àwọn àlejò náà, wọ́n sì mú ọkọ̀ kékeré kan lọ. Magellan sọ̀ kalẹ̀, ó sun ogójì ilé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó pa èèyàn méje, ó sì sọ ibẹ̀ ní Erékùṣù Àwọn Olè. Ta lolè nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin ẹ dá a lẹ́jọ́.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Filipínì lónìí. Ní Limasawa, ọkọ̀ kékeré kan súnmọ́ wọn, Enrique ẹrú bá nahùn kí wọn ní èdè Malay. Wọ́n gbọ́ ohun tó sọ. Èdè òwò ni Malay ní gbogbo agbègbè yẹn, bí Haúsá ṣe jẹ́ nínú ọjà púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ tí wọ́n mú ní Malacca, tí wọ́n gbé gba Índíà dé Pọtogí, dé Sípéènì, tí wọ́n tún gbé gba ìwọ̀ oòrùn, tún ti bọ́ sáàárín àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù.

Ní Cebu, Ọba Humabon gbà láti ṣe ìrìbọmi, òun àti ayaba rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n fún ayaba ní ère Jésù Ọmọdé, tó ṣì wà ní ìlú náà di báyìí. Ó yẹ kí Magellan gbéra lọ sí Màlúkù nígbà yẹn. Ìdí tó fi wá nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó tọrùn bọ ìjà onílé. Lapulapu, olóyè kan ní Mactan, erékùṣù tó dojú kọ Cebu, ní òun ò ní sin ọba Sípéènì. Magellan ní òun á fi ẹ̀kọ́ kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ ogun Humabon jókòó sínú ọkọ̀ wọn kí wọ́n máa wòran bí ọmọ Sípéènì ṣe ń jà.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1521 ni. Òkúta pọ̀ lábẹ́ omi, omi náà ò sì jìn, ọkọ̀ ò lè súnmọ́ etíkun. Àwọn 49 ló bẹ́ sómi tó mu wọ́n dé itan, wọ́n ń wọ́ lọ nínú ẹ̀wù irin. Ìbọn ńlá inú ọkọ̀ ò lè débẹ̀. Pigafetta ní àwọn tó dúró dè wọ́n tó 1,500. Nígbà tí wọ́n rí i pé irin bo àyà àwọn àlejò wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ta lọ́fà. Ọfà olóró wọ Magellan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ fa idà yọ, apá rẹ̀ tí wọ́n ti gún ò jẹ́ kó yọ ọ́ ju ìdajì lọ. Ẹnì kan fi idà gígùn ṣá a lẹ́sẹ̀ òsì, ó dojú bolẹ̀ nínú omi, wọ́n sì bò ó. Pigafetta, tí òun náà gbọgbẹ́, ní bí wọ́n ṣe pa dígí wa, ìmọ́lẹ̀ wa, ìtùnú wa àti afinimọ̀nà wa tòótọ́ nìyẹn. Humabon ní òun á fi ọjà ra òkú náà padà. Àwọn ará Mactan kọ̀ jálẹ̀.

Nínú ìwé ìhágún tí Magellan ṣe kó tó kúrò ní Seville, ó ní kí Enrique di òmìnira lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n sì fún un ní 10,000 maravedí, owó Sípéènì ìgbà náà. Àwọn tó gba ipò rẹ̀ ò dá a lóhùn. Wọ́n ní ẹrú opó ọ̀gá rẹ̀ ló máa dà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Humabon pe àwọn àgbà inú ọkọ̀ wá jẹun, ó sì pa èyí tó lé ní ogún nínú wọn. Àwọn tó yè bọ́ ní Enrique ló lọ bá ọba dìtẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé ò gbọ́ nǹkan kan nípa Enrique mọ́.

Àwọn tó kù sun Concepción, torí wọn ò pọ̀ tó láti wa ọkọ̀ mẹ́ta. Wọ́n dé Tidore ní Màlúkù ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì ra kànáfùrù kún inú ọkọ̀ bámúbámú. Trinidad ń jò. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó gbìyànjú láti padà gba Pàsífíìkì, kò ṣeé ṣe, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí. Victoria nìkan ló gba inú omi èèwọ̀ wálé, Elcano ọlọ̀tẹ̀ àná sì lọ̀gá rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yí ayé po. Atẹ́gùn àti ọ̀nà tó kù fún wọn ló fà á. Wọn ò yà síbì kankan ní Índíà, wọ́n yí orígun Áfíríkà, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń gbọ́n omi tọ̀sán tòru.

Nígbà tí wọ́n yà sí Cape Verde ní oṣù keje ọdún 1522 láti wá oúnjẹ, ohun kan rú wọn lójú. Nínú ìwé wọn, Ọjọ́rú ni. Àwọn ará etíkun ní Ọjọ́bọ̀ ni. Pigafetta búra pé ojoojúmọ́ lòun ń kọ̀wé, òun ò fo ọjọ́ kankan. Òótọ́ ló sì ń pa. Ẹni tó ní ẹbí ní Houston mọ̀ pé ọ̀sán gangan tiwa ni ìdájí tiwọn, nítorí oòrùn ti ọ̀dọ̀ wa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn ń sá tẹ̀lé oòrùn, nítorí náà ọjọ́ tirẹ̀ máa ń gùn díẹ̀ ju ti ẹni tó jókòó sílé. Ẹ pín wákàtí 24 sí nǹkan bí 1,080 ọjọ́ tí wọ́n fi rìn, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan lójúmọ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa yíká tán, ó ti di odindi ọjọ́ kan. Ohun tí ìlà ọjọ́ tí wọ́n fà sórí Pàsífíìkì, níbi tí ẹni tó bá kọjá ti ń yí ọjọ́ padà, ń bójú tó lónìí nìyẹn.

Àwọn Pọtogí ní Cape Verde fura sí ẹrù wọn, wọ́n mú 13 nínú wọn. Victoria sá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó gúnlẹ̀ sí Sanlúcar. Àwọn 18 ló sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ará Yúróòpù tó bá a gbéra. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé Seville, wọ́n fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Kànáfùrù inú ọkọ̀ kékeré yẹn tó láti san owó gbogbo ọkọ̀ márùn-ún.

Ó dáa, ta ló kọ́kọ́ yí ayé po? Bó bá jẹ́ nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, Elcano àti àwọn tó bá a délé ni. Charles fún Elcano ní àmì oyè tí kànáfùrù méjìlá wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ayé àti ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí: ìwọ lo kọ́kọ́ yí mi po. Bó bá jẹ́ pé a máa so ìrìn àjò méjì pọ̀, Magellan ti gba ìlà oòrùn dé Malacca rí, ó sì gba ìwọ̀ oòrùn dé Mactan. Àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n (dígíríì) 22 nínú 360 tí a pín àyíká ayé sí. Enrique náà, ibẹ̀ ló ku òun náà kù sí. Bó bá rí ọkọ̀ wọ̀ láti Cebu dé Malacca, a jẹ́ pé ẹrú yẹn ló ṣáájú gbogbo wọn. Kò sí ìwé tó sọ bóyá ó délé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ Magellan la mọ̀? Pigafetta ni. Òun ló kọ ìtàn tí gbogbo èèyàn kà, ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ dénú, kò sì dárúkọ Elcano lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Elcano kú sórí Pàsífíìkì lọ́dún 1526, nínú ìrìn àjò kejì sí Màlúkù, láìkọ ìwé tó lè bá ti Pigafetta dọ́gba. Ní ti ààlà tí wọ́n torí ẹ̀ kú, Charles ta ẹ̀tọ́ tó ní òun ní sí Màlúkù fún Pọtogí lọ́dún 1529, ní 350,000 dúkáàtì. Nígbà tí ohun èlò wá dé tí wọ́n lè wọn ayé dáadáa, wọ́n rí i pé apá Pọtogí ni Màlúkù ti wà látilẹ̀. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Charles gbowó lé lórí.

Orúkọ Magellan wà lára pẹngúìnì kan, lára ìkúùkù ìràwọ̀ méjì tó hàn lójú ọ̀run gúúsù, àti lára ọkọ̀ òfúrufú tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Venus lọ́dún 1989. Ní Filipínì, tí Sípéènì padà wá gbà lọ́dún 1565 tí kò sì fi sílẹ̀ títí di 1898, Lapulapu ni akọni. Ọgbà kan wà ní Mactan tí òpó ìrántí Magellan àti ère Lapulapu ti jọ dúró. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹrin, àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣeré ogun náà ní etí omi, ẹni tó bá ṣe Magellan sì gbọ́dọ̀ ṣubú.